Iyọ̀ Inú Gèlè Ìyá Àgbà

Ní kékeré mi ní Igbó-Ọrà, èmi ni mo máa ń fi òrí ra ẹsẹ̀ òsì ìyá àgbà, ìyá tó bí màmá mi. Rọpárọsẹ̀ ti mú wọn lápá òsì, ẹsẹ̀ náà sì wúwo bí odó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi òrí ra àgbàlagbà rí, ẹ ó rántí bó ṣe máa ń rùn sára aṣọ ilé ìwé ẹni. Bí mo bá ti wọ kíláàsì báyìí, oníkálùkù á dimú.

Ṣáájú òrí, màá gbé omi gbígbóná, màmá mi á wẹ̀ wọ́n, a ó sì yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí ẹ̀yìn wọn má baà dégbò. Mo gbádùn iṣẹ́ náà, torí gbogbo aládùúgbò ni ìyá àgbà máa ń sọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn fún mi bí mo ṣe ń ra wọ́n.

Oúnjẹ nìkan ló ń dá ìjà sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń gun ọ̀kadà wá ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti ní ká dín iyọ̀ kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyá àgbà á tọ́ ọbẹ̀ ilá wò, wọ́n á kọjú sí màmá mi: "Ṣé omi ìfọbọ́ lo gbé fún mi yìí?"

Ni wọ́n bá ń rán mi ra iyọ̀ ní bòókẹ́lẹ́, wọ́n ń dì í sínú gèlè. Ẹran inú ọbẹ̀ wọn ni èrè mi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ìyá àgbà, ojú nọ́ọ̀sì yí padà. Ìfúnpá ti lọ sókè jù. Níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń bá ìyá àgbà tún gèlè wé, iyọ̀ dà sílẹ̀. Màmá mi ò tilẹ̀ bèèrè ẹni tó rà á. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, kí n nawọ́ sókè.

Nọ́ọ̀sì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kú mọ́ wa lọ́wọ́ ni?"

Ìyá àgbà nawọ́ ọ̀tún sí iyọ̀ tó dà sílẹ̀. "Látọjọ́ tí mo ti ṣubú, ẹ̀ ń wẹ̀ mí, ẹ̀ ń wọṣọ fún mi, ẹ̀ ń yí mi. Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan. Iyọ̀ yẹn nìkan ni mo ṣì ń fúnra mi ṣe."

Apá ń ro mí lórí ìkúnlẹ̀, àmọ́ mo rí i pé màmá mi ń sunkún.

"Ọwọ́ ọ̀tún yín ń ṣiṣẹ́," nọ́ọ̀sì ní. "Kí lẹ fi ń ṣe tẹ́lẹ̀?"

"Gàrí ni mò ń yan."

Màmá mi ní iná á jó wọn. Nọ́ọ̀sì ní ká gbé àga wọn sẹ́yìn ilé níbi táwọn obìnrin àdúgbò ti ń yan gàrí, kó jìnnà síná, kí wọ́n máa fọwọ́ ọ̀tún jọ gbágùúdá tá a ti fún. Àwọn náà ni kó máa pàṣẹ ọbẹ̀: irú àti ata bí wọ́n bá ṣe fẹ́, iyọ̀ bí nọ́ọ̀sì bá ṣe wí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdajì gbágùúdá dà sílẹ̀, àwọn adìyẹ jẹ àjẹyó. Kóṣù náà tó parí, ìyá àgbà ti ń bá àwọn tó ń yan gàrí jà pé wọ́n ń fiṣẹ́ falẹ̀. Ìfúnpá wálẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ò sàn, àmọ́ ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá wa lórí àga yẹn.

Lónìí, àtọ̀gbẹ ń bá màmá mi náà fínra. Ayé ti rọrùn ju tìgbà yẹn lọ: ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò wà lórí tábìlì, ẹ̀gbọ́n mi sì ń fi fóònù wojú wọn láti Ìbàdàn. Láyé ìgbà tiwa, ọwọ́ ọmọ lẹ̀rọ tá a ní. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá màmá mi níbi tí wọ́n ti ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sáré gba ìgbálẹ̀ pé kí wọ́n lọ sinmi. Wọ́n wò mí títí. Mo dá a padà.

"Màámi, igun ọ̀hún ò tíì mọ́ o."