Olú Orí Ilẹ̀ Onílẹ̀

Ọdún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi ní Kútọnu la kó padà sí Kèrè lẹ́bàá Dásà, sínú ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ sí ẹsẹ̀ òkè. Kò pẹ́ tí òun fi gba Parakú lọ láti máa bá wọn mọlé, ó fi èmi àti àwọn ọmọ sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Òjò ti ń rọ̀ dáadáa nígbà náà. Iṣu èṣín ti tán nínú abà, tuntun kò sì tíì ta. Àsìkò tí obìnrin máa ń ṣí ìkòkò, tí yóò tún dé e padà nìyẹn.

Mo rò pé ìyá ọkọ mi yóò kà wá sí ẹrù. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò dá, ó gbé agbọ̀n lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ìyàwó, jẹ́ ká lọ wo ohun tí ilẹ̀ bí."

Ọmọ ìgboro ni mí. Olú tí mo mọ̀ kò ju ti inú agolo lọ. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń tu olú ẹ̀bá ògán láìjẹ́ kí ó ṣẹ́, ó fi ewé yánrin hàn mí, ó sì fi olú tí ènìyàn kò gbọdọ̀ fẹnu kàn hàn mí pẹ̀lú. Bí a bá fi ata àti irú se olú tó ṣeé jẹ, àwọn ọmọ mi a máa bèèrè bóyá ẹran ni.

Ṣùgbọ́n ibi tí olú pọ̀ sí jù, ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Àárín òkúta ńláńlá ló wà, ògán pọ̀ níbẹ̀, igi èmì tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí sì dúró káàkiri. Bàbá kan tó ti fi ọkọ̀ akẹ́rù wíwà sílẹ̀ ló ni ín, ẹni tí kì í fi bẹ́ẹ̀ báni sọ̀rọ̀. Àwọn asun-èédú ti gé igi rẹ̀ títí ó fi sú u, ló bá fi àalè kọ́ ẹnu ọ̀nà: ìkarahun ìgbín, àkísà pupa àti ògbólógbòó ọwọ̀.

Mo ní ká sáré wọlé ká jáde, ṣebí Kátólíìkì ni wá, kí ni àalè fẹ́ fi wá ṣe? Ìyá ọkọ mi wò mí.

"Àalè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì," ó ní. "Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé onílé, ṣe ló ń kágò."

A yí padà, a gba ilé bàbá náà lọ. Ẹ̀pà ló ń bó lágbàlá. Ìyá ọkọ mi kí i, ó sì sọ ohun tí a bá wá láì fi igbá kan bọ̀kan nínú. Bàbá tún bu ẹ̀pà, ó ń bó o lọ. Mo ti ń múra àtilọ nínú ọkàn mi nígbà tó bi wá pé, nígbà tí ogun lé àwọn baba ńlá wa gun òkè yìí, tí wọn kò lè sọ̀ kalẹ̀ wá roko, kí ni wọ́n jẹ? Kò dúró gbọ́ èsì.

"Olú tí mi ò gbìn, báwo ni mo ṣe fẹ́ pè é ní tèmi?" ó ní. "Àwọn aláàáké ni mo torí wọn so àalè. Ẹ máa wọlé. Àmọ́ ẹ máa pè mí bí ẹ bá ń wọlé, kí ẹ sì pè mí bí ẹ bá ń jáde."

Ó ní ká máa ṣa èso èmì tó bá já bọ́, ká má gbọn igi, ká sì fi ti abẹ́ igi tó sún mọ́ ilé sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀.

Pípè yẹn kò dùn mọ́ mi. Ojú ń tì mí bíi pé olè tó ń kéde ara rẹ̀ ni mí. Ìyá ọkọ mi ní tirẹ̀ a máa pè é tọ̀yàyàtọ̀yàyà, Bàbá a sì wúkọ́ láti ilé rẹ̀ láti fi dáhùn.

Ní ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi lọ ná ọjà Dásà, èmi nìkan ni mo lọ. Mo pè, Bàbá wúkọ́, mo wọlé. Òjò àná ti mú kí òkúta máa yọ̀. Mo rí olú funfun níṣàlẹ̀, mo nawọ́ sí i, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo já sí àlàfo òkúta. Mo gbọ́ nígbà tí eegun ẹsẹ̀ mi ṣẹ́. Mo kígbe títí ohùn mi fi há, ṣùgbọ́n òkúta ń gbé e mì. Oòrùn là, ó ta mí lórí. Àwọn ọmọ mi tí yóò ti ilé ìwé dé láìbá ẹnì kankan nílé ni mo ń rò.

Nígbà tó yá, mo gbọ́ ìró ọ̀pá lórí òkúta. Bàbá yọjú, ó ń làágùn.

"Mo gbọ́ ìgbà tí o wọlé," ó ní. "Mi ò gbọ́ ìgbà tí o jáde."

Mo fẹ́ dúpẹ́, Faransé ló jáde lẹ́nu mi. Ó fi igi méjì àti aṣọ ìborùn rẹ̀ di ẹsẹ̀ mi, ó lọ sí títì, ó sì kó àwọn ọlọ́kadà wá. Àwọn ló gbé mi jáde, tí wọ́n sì gbé mi dé ilé ìwòsàn ní Dásà. Ìyá ọkọ mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá gbé agbọ̀n mi wálé. Ó ti ṣa gbogbo olú tó dà nù, ó fi ewé bò ó, ó ní kí wọ́n sè é fún àwọn ọmọ kó tó bàjẹ́.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ẹsẹ̀ náà jiná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń ro mí nígbà ọyẹ́. Nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, èmi àti ìyá ọkọ mi padà lọ. Níbi tí mo ti ṣubú, mo bá ọ̀nà tuntun tí wọ́n fi ọkọ́ là yí òkúta po. Wọ́n ti kó àwọn òkúta wẹ́wẹ́ kúrò, wọ́n sì de igi gbọọrọ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ àlàfo náà fún ìdìmú. Ìyàwó Bàbá ló sọ fún wa pé ọkọ òun nìkan ló ń ṣe é díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.

Mo di igi náà mú, mo sọ̀ kalẹ̀. Olú pọ̀ lọ́dún náà. A kó nínú rẹ̀ fún ìyàwó Bàbá, òun náà sì bu ẹ̀pà fún àwọn ọmọ mi.