Àdírẹ́sì Tí Kì í Sùn Síbì Kan

Ọdún mọ́kànlá ni Adéṣẹwà ti ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ kan ní àdúgbò Ugbowo. Òun náà ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà márùn-ún tó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú lásán ló fi kọ́ iṣẹ́ ọ̀hún. Ó mọ àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan wọn, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá ara wọn mọ̀, lórí bí ẹni mọ nọ́ńbà fóònù ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Fọláránmi, ọ̀gá wọn, ní àwọn tó ń fún wọn ní íńtánẹ́ẹ̀tì ti bọ́ sórí àdírẹ́sì tuntun, kó bá òun yí ti ọ́fíìsì padà. Adéṣẹwà ní ó ti yé òun. Kò yé e.

Àdírẹ́sì àtijọ́ kò ju nọ́ńbà mẹ́rin lọ. Tuntun yìí gùn gbọọrọ, lẹ́tà dàpọ̀ mọ́ nọ́ńbà bí ẹ̀wà mọ́ àgbàdo, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo sì ní mẹ́ta. Ó da gbogbo wọn kọ sínú ìwé títí ọwọ́ fi ń ro ó. Nígbà tó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti yí padà lórí kọ̀ǹpútà gbogbo. Ó rò pé òun ló ṣì í kọ, ó tún un kọ. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún ti yí. Ara fu ú. Ó bi àwọn ará ọ́fíìsì léèrè ẹni tó ń fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà lẹ́yìn òun. Gbogbo wọn ní àwọn kọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó fi ìwé náà han Bùrọ̀dá Olúmúyìwá, tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án," ni bùrọ̀dá wí. "Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀ èyí tó ń gbé jáde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má baà máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Fún àwọn kọ̀ǹpútà náà lórúkọ, kó o máa forúkọ pè wọ́n; orúkọ kì í yí."

"Ṣé irọ́ wá ni gbogbo ohun tí mo kọ, sà?"

"Òótọ́ ni, lọ́jọ́ tó o kọ ọ́."

Lọ́jọ́ Ajé, ó fi àdúgbò tí oníkálùkù ń gbé sọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórúkọ. Iyaro fi fáìlì ránṣẹ́ sí Ekosodin, ó sì dé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan ló kọ̀, torí ògbólógbòó ni, kò mọ àdírẹ́sì tuntun rí. Adéṣẹwà bá fi ti àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, ìwé sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Inú ọ̀gá dùn. Ó ní kó ṣàlàyé bó ṣe ṣe é. Adéṣẹwà tẹ ìwé kan jáde, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Ó ń ṣiṣẹ́, sà," ló wí.

Ó padà síbi ìjókòó rẹ̀, ó ń wo àdírẹ́sì tuntun mẹ́ta tó tò sójú kọ̀ǹpútà, kò sì mọ èyí tí ì bá pè ní ilé ẹ̀rọ náà.