Afẹ́fẹ́ Gbígbóná Nínú Ọkọ̀ Wa Àtijọ́

Ọkọ̀ wa dàgbà ju àkọ́bí wa lọ. Mo rà á lẹ́yìn tí mo jáde ní yunifásítì, nígbà tí ẹni tó bá kàwé tán ṣì lè fi owó oṣù ra ọkọ̀ tuntun. Ó bá mi dé àárín àwọn ọdún 1990, nínú àwọ̀ ewé kan náà, pẹ̀lú àga aláwọ tí oòrùn ti mú sán. Kò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Láyé tí wọ́n ṣe é, ẹni tí ooru bá ń mú á yí fèrèsé sílẹ̀ ni.

Fèrèsé yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù là ń gbé, ṣọ́ọ̀ṣì wa sì wà lápá Ìkẹ́nnẹ́, nítòsí ilé ẹ̀kọ́ gíga tí mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Ìyàwó mi ni aṣáájú ẹgbẹ́ akọrin. Àyà rẹ̀ kì í gba eruku, kì í sì í gba òtútù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ láti Ògìjó á da eruku lé wa lórí. Nígbà òjò, bí a bá ti fèrèsé, èémí wa á bo gíláàsì, n ò ní ríran mọ́. Bí a bá sì ṣí i, atẹ́gùn tútù á wọlé. Kí a tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn rẹ̀ á ti há.

Ní oṣù Keje ọdún kan, bó ṣe ń ká aṣọ lórí ibùsùn, ó ní, “Dádì, bí Sábáàtì tó ń bọ̀ bá tún rí bẹ́ẹ̀, màá fa ẹgbẹ́ akọrin lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Aṣáájú tí kò lè kọrin, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?”

Kò sunkún. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Mo wa ọkọ̀ lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ ṣe lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Ó bá mi wá odidi àpótí kan tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ti bàjẹ́. Apá kan rẹ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù. Apá kejì ń gba omi gbígbóná láti ara ẹ́ńjìnnì, ó sì ń fẹ́ ooru, fún àwọn ará òkèèrè.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n gé ti ooru yìí dànù,” ó ní. “Yìnyín wo ló ń já ní Ṣàgámù?”

Fọkanáísà tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Má gé e o! Ẹ̀gbọ́n fẹ́ máa yan bọ̀ọ̀lì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni.”

“Bó bá jinná, ìwọ kọ́ ni màá kọ́kọ́ fún,” mo dá a lóhùn. Mo wá yíjú sí ẹni tó fẹ́ gé e. “Má gé nǹkan kan. Bó ṣe wà gan-an ni kó o gbé e wọlé.”

N kò ní ìdí gidi kan. Kò kàn wù mí kí wọ́n gé ohun tó pé.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ló fi ṣe é. Àyè kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì; ó jó irin, ó lù ú, ó tún tú u. Bẹ́líìtì kò bá a mu títí ó fi rí òmíràn. Èmi náà bá a di irin mú, ọ̀rá sì ba ṣòkòtò iṣẹ́ mi jẹ́. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, bọ́tìnnì méjì ti wà níwájú, ọ̀kan fún òtútù, èkejì fún ooru. Gáàsì tí afẹ́fẹ́ tútù nílò nìkan ló kù. Ìgbà tí ẹni tó ń tà á gbé e dé, oòrùn ti ń pọ́n.

Ní ilé wa, bí oòrùn ọjọ́ Ẹtì bá ti wọ̀, iṣẹ́ tán. Mo ní kí a fi í sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, Mùsùlùmí lèmi,” ni ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe wí. “Ẹ lọ jókòó sọ́hùn-ún, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Kí ẹ tó mọ̀, ó ti ń tutù.”

“Ẹni tó ń bá mi ṣiṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ sinmi.”

“Ta ló sọ fún yín pé ó rẹ̀ mí?”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́ bí mo ṣe ń wa ọkọ̀ lọ sílé. Nígbà tí ìyàwó mi béèrè, ọ̀rọ̀ bọ̀ọ̀lì ni mo fi pa á lẹ́rìn-ín.

Òjò ni ilẹ̀ Sábáàtì fi mọ́. Ìyàwó mi wọ ọkọ̀, ó fi ìborùn wé ọrùn. A kò tíì jáde ní Ẹ̀pẹ́ tí gíláàsì fi funfun. Mo na ọwọ́ sí fèrèsé, ó sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà yẹn ni mo rántí bọ́tìnnì kejì. Mo yí i.

Òórùn rọ́bà ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni ooru dé. Gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ láti ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń ká ẹní sókè, títí mo fi rí ọ̀nà kedere.

“Dádì, kí lèyí?”

“Bọ̀ọ̀lì là ń yan.”

Ó rẹ́rìn-ín gan-an, kò sì wúkọ́. Ó tú ìborùn. Kí a tó dé Ìkẹ́nnẹ́, ó ti ń dán ohùn rẹ̀ wò láti ìsàlẹ̀ dé òkè, òógùn sì ń ṣàn lára mi nínú kóòtù. N kò pa ooru náà. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé ká ní a ti rọ gáàsì sí i lánàá ni, afẹ́fẹ́ tútù ni ǹ bá máa fẹ́ sí àyà tí kò gba òtútù.

Nígbà tó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì láti dá kọrin, mo di àga iwájú mi mú. Ohùn náà jáde. Òjò ń lu páànù, ohùn rẹ̀ sì borí òjò, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò fa ẹgbẹ́ akọrin lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, àfi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tó wù ú fúnra rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú a rọ gáàsì sí i, ọkọ̀ tutù, a sì bọ́ lọ́wọ́ eruku. Ìyàwó mi di bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà sínú bébà, ó ní kí n gbé e fún fọkanáísà.

Ìyàwó mi ti darúgbó báyìí, èmi náà sì ti darúgbó. Ọkọ̀ náà ṣì ń lọ. Ní Sábáàtì tó kọjá, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó jókòó tì mí, ó ní, “Ẹ yan bọ̀ọ̀lì, ohùn mi fẹ́ jí.” Mo kọ́kọ́ bọ́ kóòtù mi, mo gbé e sẹ́yìn, kí n tó yí bọ́tìnnì kejì.