Ẹ̀ẹ̀kan Ni Òyìnbó Ń Béèrè

Ọkọ mi ò wọ bàálù rí láyé ẹ̀, ṣùgbọ́n òyìnbó ló ń bá ṣiṣẹ́. Nínú yàrá wa ní Kubwa ló ti ń ya àwòrán ilé fún ilé-iṣẹ́ kékeré kan lókè òkun, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé. Àwọn ará àdúgbò rò pé ọ̀lẹ ni, pé èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé-ìwé aládàáni ni mò ń bọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tán: ọkọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìtìjú ló pọ̀ jù lára ẹ̀.

Ọ̀gá ẹ̀ ò burú. Lórí fídíò ni wọ́n ti ń rí ara wọn. Gbogbo ohun tó bá ní kí ọkọ mi ṣe, “Nó wàhálà, sà” ni ọkọ mi máa ń dá a lóhùn. Òyìnbó kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹ̀, òun náà wá ń sọ ọ́ kiri bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bàtà ọdún.

Lọ́jọ́ kan, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ pàtàkì. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ ẹ̀wà lọ́wọ́, mo ń gbọ́. Ó ní agbaṣẹ́ṣe ni ìwé táwọn jọ fọwọ́ sí pe ọkọ mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ojoojúmọ́ tó ń ṣe ti jọ ti òṣìṣẹ́, òfin ilẹ̀ wa sì ní ohun tí òṣìṣẹ́ ń gbà. Ó ní àwọn ò lè ṣàdédé gba òṣìṣẹ́ ní ìlú onílùú. Àfi káwọn forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tàbí káwọn wá aṣojú kan níbí tó máa gbà á síṣẹ́ lórúkọ àwọn. Aṣojú náà á máa gba tiẹ̀ lóṣooṣù. Àwọn á tún máa san owó ìfẹ̀yìntì, inṣọ́ránsì ìlera, owó ìsinmi, owó ọjọ́ àìsàn. “Ó máa ná wa lówó sí i,” ló wí, “àmọ́ tó o bá fẹ́ ẹ, a máa ṣe é. Ṣé o fẹ́ ẹ?”

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da ẹ̀wà nù. Ọkọ mi tẹrí ba níwájú kọ̀ǹpútà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Hà, nó wàhálà, sà. Ẹ má da ara yín láàmú. Bá a ṣe wà yìí náà dára.”

“Ó dáa nígbà náà,” ni òyìnbó wí, ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ òrùlé.

Bí ọkọ mi ṣe pa fídíò báyìí ni mo bẹ̀rẹ̀. “Kí lo ṣe yẹn? Ṣé orí ẹ pé báyìí?”

Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó mi, báwo ni wọ́n ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọ̀gá? Kí n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ kan náà bí ẹni tí kò jẹun rí? Ó ṣì máa tún béèrè.”

Mo mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Nílé bàbá ẹ̀ lọ́hùn-ún, ní ilẹ̀ Okun, ọmọ tó bá bá àgbà nídìí oúnjẹ, tí wọ́n ní kó wá jẹun, “Á gba ibi ire” ló máa sọ. Wọ́n á tún pè é. Á ní òun ti yó. Ìgbà tí wọ́n bá pè é lẹ́ẹ̀kẹta ló tó máa ṣan ọwọ́. Èyí tó bá jókòó nígbà àkọ́kọ́, ojú ni ìyá ẹ̀ máa kọ́kọ́ fi bá a wí, ó di ilé kó tó gba ìyókù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa. Àmọ́ ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ, ta ló sì sọ fún òyìnbó pé ó yẹ kó tún pè?

Ọkọ mi ń retí. Gbogbo ìgbà tí òyìnbó bá ti fẹ́ pè, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa, á jókòó ṣánṣán bí ọkọ ìyàwó. Òyìnbó á sọ̀rọ̀ fèrèsé, á kí wa, ó tán. “Sọ fún un pé o fẹ́ ẹ!” Á ní òun ò lè sọ ara òun di alágbe. Mo wá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: “Kábíyèsí tí ń retí ìpè kejì!” Òun náà á rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán ọjọ́ òjò kan ni mo ti ilé-ìwé dé, tí mo bá a tó dorí kodò sórí kọ̀ǹpútà. Mo rò pé ó ń sùn ni. Rọpárọsẹ̀ ni. A gbé e dé ilé ìwòsàn kan ní Durumi. Obìnrin tó ń gba káàdì béèrè inṣọ́ránsì. Mo ní kò ní. Ó béèrè ilé-iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́. Mo dárúkọ ẹ̀, ó wò mí, ó ní, “Màmá, níbo nìyẹn wà?” Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ la kọ́kọ́ san síbẹ̀, ká tó máa tọrọ lọ́wọ́ ìjọ àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú.

Apá ọ̀tún ẹ̀ kú. Ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu ẹ̀, àfi ẹyọ kan. Dókítà ní ohun téèyàn bá ti sọ títí tó ti mọ́ ọn lẹ́nu máa ń ṣẹ́kù nígbà mìíràn. Mo bi í bóyá òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. “Nó wàhálà, sà.” Mo bi í bóyá ó ń dùn ún. “Nó wàhálà, sà.” Àbíkẹ́yìn wa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé bàbá òun ń ṣeré ni. Nígbà tó yá, ó sá jáde ní wọ́ọ̀dù, ó ń sunkún.

Mo kọ̀wé sí òyìnbó, ó sì pè. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó bá wa kẹ́dùn tọkàntọkàn. Ó ní òun máa fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ látinú àpò ara òun. Àmọ́ agbaṣẹ́ṣe tí kò bá ṣiṣẹ́, ìwé táwọn fọwọ́ sí ò fún un ní nǹkan kan. Lọ́yà àwọn sì ti kìlọ̀ pé táwọn bá ń sanwó àìsàn fún un báyìí, àwọn ti fẹnu ara àwọn jẹ́wọ́ pé òṣìṣẹ́ ni látẹ̀yìnwá, owó orí àti ìtanràn á dé sọ́rùn àwọn. Tí oṣù bá parí, iṣẹ́ náà máa di ti ẹlòmíràn.

Inú bí mi, mo pariwo mọ́ ọn. “Kò kọ̀ ọ́ o! Sà, níbi tiwa, ìyẹn kì í ṣe kíkọ̀! Ẹ̀yin lẹ ò tún béèrè!”

“Mo bi í,” ó ní. “Ó ní òun ò fẹ́.”

Ó wá bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kóun kí i. Mo gbé fóònù sí i létí, mo fi ohùn ẹ̀ síta. “Má bínú, ọ̀rẹ́ mi,” ni òyìnbó wí. “Mo mọ̀ pé ó máa yé ẹ.” Ọkọ mi fi ọwọ́ òsì di ìró mi mú gírígírí. Ó ń mi orí, rárá, rárá, omi ń dà lójú ẹ̀, gbogbo iṣan ọrùn ẹ̀ yọ síta nítorí ohun tó fẹ́ sọ. Ẹnu ẹ̀ là.

“Nó wàhálà, sà.”

Mo gbọ́ bí òyìnbó ṣe mí kanlẹ̀. “O ṣeun,” ó ní. “O ṣeun gan-an ni.” Ó pa fóònù. Ọkọ mi ò tíì fi ìró mi sílẹ̀.