Òfin Òróró Bàbá Atúnagogoṣe

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí bàbá mi ti ń tún agogo ọwọ́ ṣe. Ojú òsì ló fi ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti ki awò kékeré rẹ̀ bọ ojú yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Òfin kan ló sì ń kọ́ gbogbo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀: a kì í bu òróró sí agogo tí a kò tíì tú, torí òróró á bo àìsàn mọ́lẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀fọ́rí mú un ní ẹ̀bátí òsì, ó ní ogbó ni. Ṣùgbọ́n kóòmù ò ṣeé fi kan orí rẹ̀ mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ń rẹ̀ ẹ́ kó tó jẹun yó. Èmi ọmọ rẹ̀ obìnrin ni mo wọ́ ọ lọ sí ọsibítù.

Dókítà, obìnrin kan tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò, fìka tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà ní ẹ̀bátí náà. Ó ní iṣan yẹn ló ń wú, àti pé ó lè dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ojú, kí ojú sì fọ́ pátápátá. Ó fún un ní oògùn tí yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Lọ́jọ́ karùn-ún, wọn á gé díẹ̀ lára iṣan náà láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Lọ́jọ́ kejì, mò ń wá bátìrì nínú agolo bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù ni mo bá oògùn náà níbẹ̀. Ẹyọ kan ò dín. Inú bí mi gidigidi.

"Bàbá, ẹ ò lo oògùn?"

"Kí wọ́n kọ́kọ́ tú u ná. Bí mo bá gbé e mì, kí ni wọ́n fẹ́ bá níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin àti agogo yín. Ojú ńkọ́?"

Ó fi ọwọ́ nu ojú òsì. "Ó ṣú díẹ̀ láàárọ̀. Ó ti là."

Ẹ̀rù bà mí dé eegun. Mo pe dókítà lójú ẹsẹ̀, mo gbé fóònù fún bàbá mi. Orí kunkun ò jẹ́ kó tijú, ó ka òfin òróró fún obìnrin náà.

Mo gbọ́ ohùn dókítà látibi tí mo dúró: "Bàbá, àpá wíwú yẹn ò ní tètè lọ. Bí ẹ tiẹ̀ lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ kan, a ṣì máa rí i. Ojú tó bá fọ́ ni a ò lè tún ṣe. Ẹ gbé e mì báyìí, kí ẹ máa bọ̀."

Ó gbé e mì. Nígbà tí a dé ọ̀hún, wọ́n tún fa oògùn sí i lápá. Kó tó di ọjọ́ tí wọ́n gé iṣan náà, ẹ̀fọ́rí ti lọ. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ, ó sì ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n gé han òun. "Iṣẹ́ yín mọ́," ló wí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èsì dé: iṣan náà ti nípọn, àìsàn tí dókítà fura sí gan-an ni, oògùn ò sì bò ó mọ́lẹ̀. Ojú òsì ń ríran dáadáa. Mo bú sẹ́kún.

"Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran," ni bàbá mi wí. "Agogo oníbàárà ń dúró dè mí."

Ní ṣọ́ọ̀bù, mo la ẹnu láti bi í bóyá ó ti lo oògùn àárọ̀. Ó ti ki awò bọ ojú òsì. Ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dákẹ́, mo sì fi ayọ̀ dákẹ́.