Ọwọ́ Tí Mi Ò Nà ní Gbọ̀ngàn Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ní kí n wá sọ nípa ìjà wa, ó ku bí ọdún mẹ́ta kí a gba òmìnira nígbà náà. Ẹja yíyan ni mo ń tà. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé mi láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí ọjà Èjìnrìn, ọjà kan ò sì kọjá kí n má ní kí àwọn ènìyàn tẹ àtàǹpàkò sórí ìwé ẹ̀bẹ̀ wa. Ohun tí a ń fẹ́ ò ju pé kí dókítà ọpọlọ máa wá sí Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú lóṣooṣù, kí aláìsàn gba oògùn, kó sì máa sùn nílé ara rẹ̀.

Ráájí àbúrò mi ni mo ń jà fún. Ó wà lọ́dọ̀ oníṣègùn kan ní Agbówà, wọ́n kan àbà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ìtì igi tí wọ́n dá ihò sí láti fi dè é mọ́lẹ̀. Ọdún kejì rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Mo ṣèlérí fún un pé bí dókítà bá ti dé, ilé ló ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ wá. Bí wọ́n bá fẹ́ fẹ́ ọmọ nílé ẹni, wọ́n á kọ́kọ́ wádìí bóyá wèrè wà nínú ìdílé. Wọ́n ti ń wádìí nítorí Mọ́dínà, ọmọ mi. Mo sọ fún gbogbo wọn, títí kan Mọ́dínà fúnra rẹ̀, pé Ráájí ń ṣiṣẹ́ ní Kánò.

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ ìlú pè wá, a kún gbọ̀ngàn bámúbámú. Alága yẹ ìwé wa wò.

"Ẹ kú wàhálà. Ta ló ní aláìsàn nílé nínú yín? Kó nawọ́."

Kò sẹ́ni tó mira. Ìyá Sìkírá, tí ọkọ rẹ̀ àti Ráájí jọ wà ní Agbówà, ń wo ilẹ̀. Èmi tí mo kó wọn wá gbójú sókè, mo rí bàbá àfẹ́sọ́nà Mọ́dínà láàárín àwọn ìgbìmọ̀. Ó ń wò mí.

"Ìyá, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Àwọn ará ìlú ni mo ń gbẹnu sọ fún, sà."

"Àwọn wo nínú wọn?"

Mo ń ká etí ìborùn mi. Ó pa ìwé náà dé. "Ẹ ò ní aláìsàn, ẹ wá ń tọrọ dókítà." Wọ́n rẹ́rìn-ín, a sì tú ká.

Mo lọ sí Agbówà. Ráájí ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n gbà?"

"Wọ́n ṣì ń rò ó."

"Ẹ bá mi kí wọn."

Ìgbà òjò ló kú. Ayùn ni wọ́n fi rẹ́ igi náà kí a tó lè wẹ òkú rẹ̀.

Ẹ ní kí la jèrè. Mọ́dínà rílé ọkọ gbé, ó bímọ. Dókítà ò dé títí èyí tó pọ̀ nínú àwọn aláìsàn Agbówà yẹn fi kú. Ẹ má pè mí ní ajàfẹ́tọ̀ọ́ mọ́, ó ń dùn mí. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo lè ṣe fún Ráájí, Mọ́dínà sì jókòó sáàárín yín.

Mọ́dínà, Ráájí àbúrò ìyá rẹ ò dé Kánò rí.