Ẹ̀rọ Wáípà Méjì àti Bátìrì Tí Mo Pọ̀n

Mò ń fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi kúrò lára géètì nígbà tí ọmọbìnrin wa jáde sí àgbàlá, tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó sì sọ pé òun fẹ́ ṣe róbọ́ọ̀tì. Ẹ̀jẹ̀ náà ti gbẹ mọ́ ibi tí ọ̀dà ti bó. Orí ọ̀bẹ ni mo fi ń ha á.

Johannesburg la wà, ní àdúgbò Bertrams, nínú ilé àtijọ́ kan tí a háyà. Ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun ń kógbá sílé ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ìbọn sì ń dún lọ́sàn-án gangan. Búrẹ́dì, ṣúgà, àbẹ́là àti kẹrosíìnì la ń tà láti ẹ̀yìn géètì. Òǹrajà á dúró síta, ọkọ mi á na ọjà sí i láàárín irin. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹni tó ní òun fẹ́ búrẹ́dì di ọwọ́ ọ̀tún ọkọ mi mú, ó fà á jáde títí dé èjìká, ẹnì kejì sì fi àáké gé e. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fẹ́ kó jù sí wọn. Kò jù ú. Nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀, ìka méjì péré ló kù lọ́wọ́ náà, kò sì sí èyí tó lè tẹ̀ nínú wọn.

Bí a kò bá tajà, a kò ní jẹun. Bí a bá sì fẹ́ tajà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ sí géètì. Ọmọ wa, tó ń kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná nílé ẹ̀kọ́, ti ní òun ni yóò máa lọ. Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ẹ̀rù kan ṣoṣo tó ń bà mí nìyẹn: pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ni n ó tún máa ha kúrò lára irin yẹn lọ́jọ́ mìíràn.

Igi gígùn la kọ́kọ́ fi ń ti búrẹ́dì sí wọn láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n gba búrẹ́dì, wọ́n gba igi, wọ́n sì fi igi náà fọ́ fèrèsé wa. Ni mo bá gbà fún ọmọ mi.

“Ṣe ẹ̀rọ rẹ,” ni mo wí. “Ṣùgbọ́n èmi ni n ó lọ wá ohun tí o máa lò. Má jáde.”

Ó kan pátákó kan, ó fi táyà mẹ́ta tí a yọ lára kẹ̀kẹ́ tí a fi ń ti ọmọ ọwọ́ sí i: méjì lẹ́yìn, ọ̀kan tó lè yí kiri níwájú. Ẹ̀rọ kan ni yóò máa yí táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá dúró tí èkejì ń yí, yóò yà. Wáyà gígùn yóò so ó mọ́ ṣúìṣì méjì tí òun yóò dì mú nínú ilé.

Ẹ̀rọ inú rẹ́díò kásẹ́ẹ̀tì méjì tó ti bàjẹ́ la kọ́kọ́ lò, nítorí a kò ná nǹkan kan sí i. Wọ́n ń sáré bí eṣinṣin, ṣùgbọ́n wọn kò lágbára. Àgbàlá wa dàgẹ̀rẹ̀ lọ sí géètì. Bí a ti gbé búrẹ́dì lé e, ó yọ̀ lọ bá géètì fúnra rẹ̀, kò sì lè gòkè padà.

Ọkọ mi ń wò wá láti orí àga rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nínú báńdéèjì. “Ìyá ọmọ,” ló wí, “ẹ kúkú ṣí géètì kí olè wọlé wá jẹun.”

Ibi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ àlòkù tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Kò jìnnà, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó sún mọ́ nígbà yẹn. Mo béèrè ẹ̀rọ wáípà méjì lọ́wọ́ bàbá tó ń tà níbẹ̀, èyí tó ń nu gíláàsì ọkọ̀ lójú òjò. Mo ní láti ara irú ọkọ̀ kan náà ni kó ti yọ ọ́, kí ọ̀kan má baà sáré ju èkejì lọ. Mo di orí irin rẹ̀ mú, mo fi gbogbo agbára yí i. Kò yí. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹ̀rọ wáípà lè yí táyà, ṣùgbọ́n táyà kò lè yí ẹ̀rọ wáípà padà. Bí iná bá kúrò lára rẹ̀, ó dúró gbọn-in, ìdàgẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ kò lè fà á lọ.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń mu iná. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kò lè bọ́ ọ. Irú méjì tó lè bọ́ ọ wà nílẹ̀: èyí tí wọ́n yọ lára áláàmù ilé, tó dì pa yíká, tí a lè dojú rẹ̀ dé láìjẹ́ pé nǹkan kan dà; àti ti alùpùpù, tí omi ásíìdì ń mì nínú rẹ̀. Ti alùpùpù ni owó rẹ̀ kéré. Òun ni mo mú.

Wọ́n ń já báàgì gbà lọ́wọ́ obìnrin ní gbogbo ìkóríta, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí i kí wọ́n já ọmọ. Mo so ẹ̀rọ méjèèjì mọ́ ìdí lábẹ́ ìró. Mo fi aṣọ wé bátìrì, mo gbé e pọ̀n, mo sì fi ọ̀já gbà á dáadáa.

Bàbá náà pàtẹ́wọ́. “Eish, Mama! Akọ ni àbí abo?”

“Akọ ni.”

“Ta ni bàbá rẹ̀?”

“Alùpùpù ni.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Mi ò tíì dé ibi tí mo ti fẹ́ wọ takisí nígbà tí ogunlọ́gọ̀ ọkùnrin ya jáde láti ojú irin, ọ̀kọ̀ àti kùmọ̀ lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ń lé àwọn mìíràn. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń lé ṣubú síwájú mi. Wọ́n yí i ká. Kùmọ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ sílẹ̀. Mo rí bàtà rẹ̀ tó ń gbọ̀n, lẹ́yìn náà kò gbọ̀n mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń lù ú gbójú sókè, ó rí mi, ó sì na kùmọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ náà sí ọ̀nà kejì.

“Mama! Gbé ọmọ yẹn kúrò níbí!”

Mo sá. Ìbọn dún lẹ́yìn wa, gbogbo èèyàn sì dojú bolẹ̀. Èmi náà dojú bolẹ̀.

Ẹni tó bá pọn bátìrì alùpùpù kò gbọ́dọ̀ dojú bolẹ̀. Ásíìdì náà dà sí mi lẹ́yìn. Mo rò pé ìbọn ló bà mí, pé ẹ̀jẹ̀ mi ló gbóná bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń kígbe pé ọmọ mi ń kú, ó sì já ọ̀já mi. Nígbà tó rí ohun tó wà nínú aṣọ, ó fò sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò.

Nígbà tí mo délé, ọmọ mi da omi sí mi lẹ́yìn títí ilẹ̀ yàrá fi kún. Aṣọ mi àti awọ ara mi jọ ń bó ni.

“Màámi,” ló wí, ó ń sunkún, “ti áláàmù la máa lò.”

Nígbà tí mo lè wọ aṣọ padà, mo lọ ra ti áláàmù. Bàbá náà béèrè ọmọ tí mo pọ̀n lọ́jọ́sí. Mo ní ó kú. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Róbọ́ọ̀tì wa ṣiṣẹ́. A di bíríkì lé e kí táyà má baà yọ̀, a sì fi wáyà líle so agolo mílíìkì mọ́ iwájú rẹ̀, wáyà náà tẹ̀ kọjá lórí ẹnu agolo bí ọwọ́ garawa. Òǹrajà á kígbe ohun tó fẹ́ látìta. Ẹ̀rọ á lọ gba owó, á gòkè wá, á tún gbé ọjà lọ. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó dúró ní géètì mọ́. Mo tún ń rí oorun sùn lóru.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ilẹ̀ ti ń ṣú, ọkùnrin kan kígbe pé òun fẹ́ àbẹ́là. Ọmọ mi rán ẹ̀rọ sí i. Láti ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ nìkan la rí. Ó gba àárín irin wọlé, ó wọ inú agolo, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Ọkọ mi fò dìde. “Ó ń jà á gbà! Fà á padà! Fà á!”

Ọmọ mi tẹ ṣúìṣì méjèèjì sẹ́yìn. Ẹ̀rọ fà. Wáyà agolo há mọ́ ọkùnrin náà lọ́rùn ọwọ́, ó fa apá rẹ̀ wọlé títí ojú rẹ̀ fi gbá irin. Ó ké. Ẹ̀rù ba ọmọ mi, ó ju ṣúìṣì sílẹ̀. Ẹ̀rọ dúró, ṣùgbọ́n kò tú u sílẹ̀. Irú ẹ̀rọ tí mo yàn nìyẹn. Bí ọkùnrin náà ti ń fà ni wáyà ń wọ inú ẹran ara rẹ̀, ó sì ń bẹ̀ wá ní èdè tí a kò gbọ́.

Ọkọ mi ti kọjá lára mi, ọmọ odó lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ó lù ú lápá. Mo gbọ́ bí egungun ṣe kán, bí igi ìdáná tó gbẹ. Ó tún lù ú.

“Ìka mi dà?” ló ń wí bó ti ń lù ú. “Ìka mi dà? Ìka mi dà?”

Mo he ṣúìṣì méjèèjì nílẹ̀, mo tẹ̀ wọ́n síwájú. Ẹ̀rọ sún, wáyà dẹ̀, apá náà sì jáde láàárín irin, ó tẹ̀ níbi tí kò sí oríkèé. Ọkùnrin náà ṣubú, ó dìde, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lọ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò.

Ọmọ mi gbé ẹ̀rọ wọlé, ó da agolo dé orí tábìlì. Owó àbẹ́là wà nínú rẹ̀, wẹ́wẹ́. Ohun tí ọwọ́ ọkùnrin náà ń ṣe tó fi pẹ́ nìyẹn. Ó ń fi owó sílẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ọkọ mi wo owó náà. Ó gbé ọmọ odó padà sí ìdáná, kò sì jáde wá mọ́.

Ọmọ mi fa wáyà dúdú kúrò lára bátìrì, ó fa ti pupa. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo ní a lè wá agolo tí kò ní wáyà, a sì lè gbé gílóòbù kọ́ géètì kí a máa rí ọwọ́ èèyàn. Ó tú ẹ̀rọ wáípà méjèèjì kúrò lára pátákó. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

“Màámi, láti ọ̀la, èmi ni n ó máa lọ sí géètì. Bí ẹnì kan bá máa gé mi, ó kéré tán n ó ti rí ojú rẹ̀.”